Ọmọ kan ṣoṣo, àjọ márùn-ún: ohun tó wà nídìí àtúnṣe ètò ààbò ọmọ

Ẹ jẹ́ ká fi ìyá kan ṣe àpẹẹrẹ, kí ọ̀rọ̀ náà má baà le jù. Adájọ́ ti ní kí wọ́n gba ọmọ méjì lọ́wọ́ rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó sì ti to gbogbo ohun tó gbọ́dọ̀ ṣe kó tó lè gbà wọ́n padà sínú ìwé kan. Lọ́jọ́ Ajé, aago mẹ́sàn-án àárọ̀, kó lọ ṣe àyẹ̀wò ìtọ̀ nítorí oògùn olóró. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, kó lọ kọ́ bí a ṣe ń tọ́mọ, wákàtí méjì gbáko. Lọ́jọ́rú, kó lọ rí olùtọ́jú ọpọlọ. Lọ́jọ́bọ̀, kó lọ wo àwọn ọmọ rẹ̀ ní ọ́fíìsì kan tó jẹ́ pé bọ́ọ̀sì méjì lèèyàn ń wọ̀ débẹ̀. Òṣìṣẹ́ kan á jókòó tì wọ́n, á máa kọ nǹkan sílẹ̀. Lọ́jọ́ Ẹtì, ẹ̀ka tó ń fún un lówó ìrànwọ́ fẹ́ rí ẹ̀rí pé ó ń wáṣẹ́. Tó bá wá rí iṣẹ́ ọ̀hún, ọ̀gá wo ló máa gbà á láyè láti máa lọ ṣàyẹ̀wò ìtọ̀ ní gbogbo àárọ̀ ọjọ́ Ajé? Tó bá sì torí iṣẹ́ pa àbẹ̀wò Ọjọ́bọ̀ jẹ, inú fáìlì ló ń lọ: ìyá yìí ò ka àwọn ọmọ rẹ̀ sí. Tí kò bá níṣẹ́, kò ní rówó ilé san. Tí kò bá nílé, adájọ́ ò ní dá ọmọ kankan padà fún un.

Kò sẹ́ni tó gbìmọ̀ pé kí wọ́n fi ìwé yìí ni obìnrin náà lára. Ohun tí àjọ kọ̀ọ̀kan béèrè, tèèyàn bá gbé e yẹ̀ wò lọ́tọ̀, ó mọ́gbọ́n dání. Àmọ́ kò sẹ́nì kan nínú wọn tó tò ó pọ̀ sójú kan kó wá bi ara rẹ̀ pé, ṣé èèyàn ẹlẹ́ran ara lè ṣe gbogbo èyí láàárín ọ̀sẹ̀ kan?

Ohun tí àwọn ìjọba kan ń gbìyànjú láti tún ṣe nìyí, ní Amẹ́ríkà, ní England àti láwọn ibòmíì. Gbólóhùn méjì lẹ máa gbọ́ lẹ́nu wọn léraléra. Wọ́n á ní kí ètò ààbò ọmọ dá lórí ẹbí. Wọ́n á tún ní kí àwọn àjọ máa fọwọ́ sowọ́ pọ̀. Ó rọrùn láti mi orí sí méjèèjì, torí ta ló máa sọ pé òun ò fẹ́ bẹ́ẹ̀? Ibi tọ́rọ̀ ti ń le ni pé gbólóhùn méjèèjì máa ń fa ara wọn ya, ẹni tó bá sì di ọ̀kan mú tó jẹ́ kí èkejì bọ́ lè ṣe ju ìpalára tó wà tẹ́lẹ̀ lọ.

Ibi tí ètò náà ti ṣẹ̀ wá

Lọ́dún 1874, ní New York, obìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ìránṣẹ́ Ọlọ́run láàárín àwọn aláìní, Etta Wheeler, gbọ́ nípa ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Mary Ellen Wilson. Obìnrin tó gbà á tọ́ ń lù ú bí ẹni lu bàrà. Wheeler káàkiri, kò rí ẹni bá a dá sí i. Ọ̀dọ̀ Henry Bergh ló wá já sí, ẹni tó dá ẹgbẹ́ tó ń dènà ìfìyàjẹ ẹranko sílẹ̀. Ẹgbẹ́ wà fún ẹṣin tí wọ́n ń nà lójú títì. Kò sí fún ọmọ èèyàn. Bergh àti lọ́yà rẹ̀ gbé ọ̀rọ̀ náà dé kóòtù, wọ́n gba ọmọ náà sílẹ̀, kò sì pẹ́ tí wọ́n fi dá ẹgbẹ́ tó ń dènà ìfìyàjẹ ọmọdé sílẹ̀ nílùú náà.

Ohun tó dáa ni wọ́n ṣe. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí iṣẹ́ náà gbà bẹ̀rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ ọn lára: wọ́n á gbọ́ ẹ̀sùn, wọ́n á wọlé, wọ́n á gbọ́mọ, wọ́n á jáde. Ẹni tó ń gbà á sílẹ̀ àti ẹni tí wọ́n ń gbà á sílẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Irú ojú yẹn ni wọ́n fi ń wo ẹbí látìgbà náà wá, kódà níbi tí kò ti sẹ́ni tó lu ọmọ.

Àwọn kan tètè rí i. Lọ́dún 1909, Ààrẹ Theodore Roosevelt pe ìpàdé ńlá kan sí White House lórí àwọn ọmọ tí kò ní olùtọ́jú, àwọn tó pé jọ síbẹ̀ sì sọ ọ́ kedere pé kò yẹ kí ìjọba torí òṣì nìkan yọ ọmọ kúrò nílé òbí rẹ̀. Ó ti lé lọ́gọ́rùn-ún ọdún báyìí. A ṣì máa padà sórí ọ̀rọ̀ yẹn.

Lẹ́yìn ìyẹn, ńṣe lètò náà ń yí bí àgbá. Lọ́dún 1962, dókítà C. Henry Kempe àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé àpilẹ̀kọ kan jáde nípa àwọn ọmọ tí àwòrán X-ray ń fi hàn pé eegun wọn ti fọ́ lóríṣiríṣi ìgbà, tí àwọn òbí sì ń sọ pé wọ́n ṣubú ni. Ìdààmú ọkàn tó tìdí ẹ̀ yọ ló bí òfin ìjọba àpapọ̀ ọdún 1974: ìpínlẹ̀ tó bá ń fẹ́ owó gbọ́dọ̀ ní òfin tó ní kí ẹ̀sùn máa wọlé. Olùkọ́, dókítà, nọ́ọ̀sì, gbogbo wọn di ẹni tí òfin ń mú tí wọ́n bá fura tí wọn ò sọ. Ẹ̀sùn wá ya wọlé bí omi òjò, ọmọ tó ń lọ sọ́dọ̀ alágbàtọ́ sì ń pọ̀ sí i. Lọ́dún 1980, ilé aṣòfin ní kí àwọn àjọ kọ́kọ́ sapá dáadáa láti má ṣe tú ẹbí ká. Lọ́dún 1997, wọ́n tún fì sí apá kejì: tí ọmọ bá ti lo oṣù 15 nínú oṣù 22 tó kẹ́yìn lọ́dọ̀ alágbàtọ́, kí àjọ gba kóòtù lọ láti fòpin sí ẹ̀tọ́ òbí, yàtọ̀ sí àwọn ìgbà díẹ̀ tí òfin yọ sílẹ̀. Kí ọmọ má baà máa rìn kiri láti ilé kan sí òmíì títí á fi dàgbà ni wọ́n ṣe ṣe é, ìyọnu yẹn sì nídìí. Lọ́dún 1999, àwọn ọmọ tó wà lọ́dọ̀ alágbàtọ́ ní Amẹ́ríkà sún mọ́ 567,000. Ní ìparí oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023, wọ́n ti dín sí nǹkan bí 343,000.

Òfin kan wà tó yàtọ̀ láàárín gbogbo fì síbí fì sọ́hùn-ún yìí. Lọ́dún 1978, ilé aṣòfin ṣe òfin kan fún àwọn ọmọ ìbílẹ̀ Amẹ́ríkà nìkan, torí ìwádìí ti fi hàn pé láàárín ọmọ wọn 100, nǹkan bí 25 sí 35 ni wọ́n ti mú kúrò nílé, ọ̀dọ̀ àwọn tí kì í ṣe ẹ̀yà wọn sì ni wọ́n kó ọ̀pọ̀ nínú wọn lọ. Òfin náà sọ pé ọ̀dọ̀ ẹbí ni kí wọ́n kọ́kọ́ wò, lẹ́yìn náà ọ̀dọ̀ ẹ̀yà ọmọ náà, kí wọ́n tó ronú kan ibòmíì, kí ẹ̀yà náà sì lẹ́nu nínú ẹjọ́. Wọ́n pè é lẹ́jọ́ títí dé Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ. Lóṣù Kẹfà ọdún 2023, ilé ẹjọ́ náà fọwọ́ sí i pé kó máa bá iṣẹ́ lọ. Ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n ń pè ní àtúnṣe tuntun lónìí, òfin ọdún 1978 yẹn ti wí i.

Ọ̀rọ̀ owó

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ ohun tí ètò kan gbà gbọ́, ẹ tẹ̀ lé owó rẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ní Amẹ́ríkà, àpò ìjọba àpapọ̀ tó tóbi jù nínú ọ̀rọ̀ ọmọ kì í ṣí àfi tí ọmọ bá ti kúrò nílé. Tí àjọ bá gbé ọmọ fún alágbàtọ́, ìjọba àpapọ̀ á dá apá kan padà nínú ohun tí wọ́n ná lórí ẹ̀, kò sì sí òté lórí ẹ̀: bí ọmọ ṣe pọ̀ tó lowó á ṣe pọ̀ tó. Àmọ́ tí òṣìṣẹ́ kan bá rí i pé tí wọ́n bá tètè wá ibi tí ìyá á ti gba ìtọ́jú oògùn olóró, ọmọ ò ní nílò àtikúrò nílé, inú àpò kékeré tó ní òté ló máa ti wá a. Èyí tó tún pa mí lẹ́rìn-ín nínú ẹ̀, tí kì í bá ṣe ọ̀rọ̀ ẹkún, ni pé kí ìjọba àpapọ̀ tó lè sanwó lórí ọmọ kan, àjọ gbọ́dọ̀ fi hàn pé ilé tí wọ́n ti mú un wá tòṣì tó, òṣùwọ̀n ọdún 1996 ni wọ́n sì fi ń wọ̀n ọ́n.

Òfin tí Ààrẹ Trump buwọ́ lù lóṣù Kejì ọdún 2018, tí wọ́n ń pè ní Family First, ló kọ́kọ́ ṣí àpò ńlá náà fún ìdènà. Ìpínlẹ̀ lè gba owó báyìí fún ìtọ́jú ìlera ọpọlọ, ìtọ́jú oògùn olóró, àti ríran òbí lọ́wọ́ nínú ilé rẹ̀ lórí ọmọ títọ́, fún oṣù 12, kí ọmọ tó kúrò nílé rárá. Kò sẹ́ni tó máa béèrè iye tí òbí ń gbà lóṣù. Òfin kan náà dín owó tó ń lọ sí àwọn ilé tí wọ́n ń kó ọmọ púpọ̀ sí lábẹ́ òṣìṣẹ́ kù: lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, owó ìjọba àpapọ̀ á dúró, àyàfi tí ilé náà bá jẹ́ irú èyí tí òfin là sílẹ̀.

Ìgbésẹ̀ ńlá ni. Síbẹ̀ ẹ wo ohun tó wà nínú mẹ́ta yẹn. Oògùn olóró, ọpọlọ, ọgbọ́n ọmọ títọ́. Gbogbo ẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀ nípa ohun tó ń ṣe òbí. Owó ilé ò sí níbẹ̀. Owó iná ò sí níbẹ̀. Ẹni tí yóò bójú tó ọmọ nígbà tí ìyá bá wà níbi iṣẹ́ òru ò sí níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, nínú àwọn ọmọ tí àjọ fìdí ẹ̀ múlẹ̀ pé nǹkan burúkú ṣẹlẹ̀ sí ní Amẹ́ríkà, nǹkan bíi mẹ́ta nínú mẹ́rin ló jẹ́ ẹjọ́ àìbójútó, ìyẹn ni pé ohun tó yẹ kí wọ́n ṣe fún ọmọ ni wọn ò ṣe. Mi ò ní kí ẹ rò pé ọ̀rọ̀ òṣì ni gbogbo àìbójútó. Ọmọ ìkókó tí wọ́n fi sílẹ̀ lóun nìkan fún ọjọ́ méjì, kì í ṣe owó ló fà á. Ṣùgbọ́n ilé tí kò sí oúnjẹ ńkọ́, tàbí ọmọ ọdún mẹ́jọ tó ń ṣọ́ àbúrò rẹ̀, tàbí ìdílé tó ń sùn nínú ọkọ̀? Fọ́ọ̀mù kan náà ni wọ́n ń kọ gbogbo wọn sí. Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ ọdún 1909 ti ń padà wá bá wa.

Ìgbìyànjú kan tó ti pẹ́ fi hàn pé èèyàn lè ṣe é lọ́nà míì. Ní Tacoma, ní ìpínlẹ̀ Washington, lọ́dún 1974, wọ́n dá ètò kan sílẹ̀ tí wọ́n pè ní Homebuilders. Òṣìṣẹ́ kan kì í gbà ju nǹkan bí ìdílé méjì lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà ló máa lò pẹ̀lú wọn, inú ilé wọn ló ti ń ṣiṣẹ́, wọ́n sì lè pè é lóru. Ohun tó ká wọn lára lọ́jọ́ yẹn ló máa kọ́kọ́ bá wọn yanjú, ì báà ṣe ìwé owó ilé tàbí bí ìyá ṣe máa fọkàn balẹ̀ nígbà tọ́mọ bá ń ké. Ẹ fi wé òṣìṣẹ́ tí fáìlì ogún tàbí ju bẹ́ẹ̀ lọ wà lórí tábìlì rẹ̀.

Yàrá tí òṣìṣẹ́ ìjọba gbọ́dọ̀ jáde kúrò níbẹ̀

New Zealand ni ohun tó ní láárí jù lọ nínú ọ̀rọ̀ yìí ti wá, àwọn Māori, ìyẹn àwọn ọmọ ìbílẹ̀ ibẹ̀, ló sì fún ayé. Lọ́dún 1986, ìgbìmọ̀ kan tí àgbà Māori kan, John Rangihau, ṣe alága rẹ̀ jábọ̀ fún ìjọba. Wọ́n sọ ọ́ láìfi bò pé ẹlẹ́yàmẹ̀yà ni ẹ̀ka tó ń rí sọ́rọ̀ àwọn ọmọ, pé ó ń já ọmọ gbà kúrò lọ́wọ́ ìdílé àti ẹ̀yà rẹ̀ bí ẹni tí kò ní èèyàn. Òfin tó jáde lọ́dún 1989 ló wá fi ìpàdé ẹbí sí àárín gbùngbùn ètò náà.

Bó ṣe ń lọ rèé. Ẹnì kan tí kì í ṣe ẹni tó ń bójú tó ẹjọ́ ọmọ náà máa wá gbogbo ẹbí kàn: bàbá àgbà, ìyá àgbà, ẹ̀gbọ́n bàbá tó wà nílùú míì, àbúrò ìyá tí wọn ò bá ara wọn sọ̀rọ̀ láti bí ọdún mẹ́ta. Wíwá wọn kàn yìí nìkan máa ń gba ọ̀sẹ̀ púpọ̀, òun sì ni ìdajì iṣẹ́. Lọ́jọ́ ìpàdé, òṣìṣẹ́ àjọ á dìde, á sọ ohun tó ń kọ ọ́ lóminú láìdọ́gbọ́n sí i, ní èdè tí gbogbo èèyàn gbọ́. Dókítà tàbí olùkọ́ lè sọ tiẹ̀. Lẹ́yìn náà, wọ́n á dìde, wọ́n á kó ìwé wọn, wọ́n á jáde, wọ́n á pa ilẹ̀kùn dé.

Ẹbí nìkan ló kù níbẹ̀. Ariwo lè sọ. Ẹnì kan lè sunkún. Ohun tí ẹnikẹ́ni ò ní sọ lójú òṣìṣẹ́ ìjọba máa ń jáde nígbà náà: pé gbogbo àwọn ló mọ̀ pé bàbá ọmọ ti padà sídìí ọtí, pé ìyá àgbà ò lè gba ọmọ mẹ́ta ṣùgbọ́n ó lè gba méjì, pé ẹ̀gbọ́n lè máa gbé wọn lọ síléèwé lárọ̀ọ̀wọ́rọ̀. Nígbà tí wọ́n bá pe àwọn òṣìṣẹ́ wọlé padà, ètò tí ẹbí fẹnu kò sí máa wà nílẹ̀. Àjọ máa gbà á, àyàfi tí wọ́n bá rí i pé kò ní dáàbò bo ọmọ náà.

Èmi gbà pé jíjáde yẹn gan-an ni àtúnṣe náà. Ọ̀pọ̀ ibi ló ti mú ìpàdé yìí lò ní orúkọ, tí wọ́n á kó ẹbí jọ, tí òṣìṣẹ́ mẹ́jọ á sì jókòó tì wọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin pẹ̀lú ètò tí wọ́n ti tẹ̀ sórí ìwé láti àná. Ẹbí á ní bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n á buwọ́ lù ú. Wọ́n á sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹbí kópa.

Ṣé ó ń ṣiṣẹ́? Ní England, wọ́n dán an wò láàárín àwọn ìdílé tí ọ̀rọ̀ wọn ti fẹ́ dé kóòtù. Wọ́n ṣẹ́ kèké láti mọ ìdílé tí wọ́n máa fi ìpàdé ẹbí lọ̀, àbájáde rẹ̀ sì jáde lọ́dún 2023. Lẹ́yìn ọdún kan, nǹkan bí 36 nínú ọmọ 100 ló ti bọ́ sábẹ́ ìtọ́jú ìjọba nínú àwọn tí wọ́n fi lọ̀. Nínú àwọn tí wọn ò fi lọ̀, ó tó 45. Kì í ṣe iṣẹ́ ìyanu. Ó ṣì ju ohun tí ọ̀pọ̀ ètò olówó ńlá lè fọwọ́ sọ̀yà lé lórí lọ.

Nígbà tí gbogbo èèyàn mọ díẹ̀

Ní báyìí, ẹ jẹ́ ká yí ojú owó náà padà, torí ẹni tó bá gbọ́ ẹbí, ẹbí, ẹbí lè gbàgbé pé inú ẹbí ni wọ́n ti ń pa àwọn ọmọ kan.

Victoria Climbié wá láti Côte d'Ivoire. Àwọn òbí rẹ̀ fà á lé àgbà obìnrin kan nínú ẹbí lọ́wọ́ kó lè lọ kàwé nílẹ̀ Yúróòpù. Wọ́n gba ilẹ̀ Faransé kọjá, wọ́n dé London lóṣù Kẹrin ọdún 1999. Lóṣù Kejì ọdún 2000, ọmọ náà kú, ọmọ ọdún mẹ́jọ, egbò àti ojú àpá 128 ló sì wà lára rẹ̀. Obìnrin náà àti ọkùnrin tí wọ́n jọ ń gbé ni wọ́n dá lẹ́bi pé wọ́n pa á.

Kì í ṣe pé àwọn àjọ ò rí i. Wọ́n rí i jù. Ẹ̀ka ọmọdé ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́rin ló mọ̀ nípa rẹ̀, ilé ìwòsàn méjì, ikọ̀ ọlọ́pàá méjì tó ń rí sí ààbò ọmọ, àti ibùdó kan tó jẹ́ ti àjọ aláàánú. Lóṣù Keje ọdún 1999, wọ́n gbé e dé ilé ìwòsàn àkọ́kọ́ torí àwọn àpá tó wà lára rẹ̀. Dókítà àgbà kan wò ó, ó ní kúrúnà ni. Ọ̀rọ̀ yẹn ti tó: wọ́n mú ààbò ọlọ́pàá kúrò lórí ọmọ náà, wọ́n sì dá a padà. Látìgbà yẹn, ọ̀rọ̀ kúrúnà ń tẹ̀ lé e káàkiri bíi pé ẹnì kan ti yanjú ọ̀rọ̀ náà. Nígbà tí Lord Laming, ẹni tí ìjọba ní kó wádìí ikú ọmọ náà, gbé ìwádìí rẹ̀ jáde lóṣù Kìíní ọdún 2003, ó ka ìgbà méjìlá, ó kéré tán, tí ẹnì kan ì bá ti dá sí i. Àbá 108 ló kọ síbẹ̀.

Òfin ọmọdé ti ọdún 2004 ní England tìdí ẹ̀ jáde, ó sọ ọ́ di dandan fáwọn àjọ láti máa bára wọn ṣiṣẹ́. Síbẹ̀, lẹ́yìn ikú ọmọ méjì, Arthur Labinjo-Hughes àti Star Hobson, lọ́dún 2020, ìwádìí tí wọ́n gbé jáde lóṣù Karùn-ún ọdún 2022 tún bá ohun tó jọ èyí nílẹ̀. Ẹbí àwọn ọmọ yìí ti kígbe: àwọn ìyá àgbà àtàwọn míì fẹjọ́ sùn, wọn ò kà wọ́n sí tó. Ibí ni gbólóhùn méjèèjì ti pàdé. Àjọ tó kọtí ikún sí ẹbí ò mọ̀ pé ẹbí ni àjọ kẹfà tó yẹ kóun bá ṣiṣẹ́. Àbá òfin tí ìjọba England gbé wá sílé aṣòfin lóṣù Kejìlá ọdún 2024 gbìyànjú láti so ó pọ̀: kí wọ́n fi ìpàdé ẹbí lọ òbí kí wọ́n tó gba kóòtù lọ, kí ọlọ́pàá, elétò ìlera àti òṣìṣẹ́ àjọ ọmọdé wà nínú ikọ̀ kan náà, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan sì ní nọ́ńbà kan ṣoṣo tí gbogbo àjọ á máa fi dá a mọ̀.

Kí ló ń dí wọn lọ́wọ́ gan-an?

Ẹni tó bá gbọ́ "kí wọ́n máa bára wọn sọ̀rọ̀" lè rò pé ìwà ìgbéraga ló fà á. Ó wà níbẹ̀, àmọ́ òfin ló pọ̀ jù. Ní Amẹ́ríkà, ìlànà ìjọba àpapọ̀ ti ń dáàbò bo àkọsílẹ̀ ẹni tó ń gba ìtọ́jú oògùn olóró láti ìgbà pípẹ́, ìdí tó sì wà ńbẹ̀ dáa: tí ìyá bá mọ̀ pé ohun tóun sọ níbẹ̀ á dé etí ẹni tó lè gba ọmọ òun, kò ní lọ. Iléèwé náà ní òfin tiẹ̀. Ṣáájú ọdún 2013, ọmọ tí wọ́n ń gbé láti alágbàtọ́ kan sí òmíì lè yí iléèwé padà lẹ́ẹ̀mẹta, kí òṣìṣẹ́ tó ń bójú tó o máà rí èsì ìdánwò rẹ̀ gbà láìgba kóòtù tàbí òbí. Oṣù Kìíní ọdún yẹn ni òfin kan ṣí ilẹ̀kùn náà.

Aago tún wà. Àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí máa ń sọ pé aago mẹ́rin ló ń dún lórí ìdílé kan náà. Aago kóòtù ń ka oṣù 15 nínú 22. Aago owó ìrànwọ́ ìjọba àpapọ̀ ní oṣù 60 fún gbogbo ayé òbí. Aago ìwòsàn ẹni tó ń jáwọ́ nínú oògùn olóró ò kánjú rárá. Èèyàn á dìde, á ṣubú, á tún dìde. Aago ọmọ ló sì yára jù, torí oṣù mẹ́fà nínú ayé ọmọ ọdún kan, ìdajì ayé rẹ̀ ni. Ohun tó burú ni pé wọ́n máa ń pa ara wọn lára: bí wọ́n bá ti gbọ́mọ lọ, owó ìrànwọ́ tí ìyá ń gbà lórí ọmọ lè dúró, owó yẹn ló fi ń san ilé, ilé ni adájọ́ sì ń béèrè.

Níbi tí àjọ méjì ti pinnu láti jọ ru ẹrù kan náà, ó hàn. Láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, ìwé ìrànwọ́ owó ilé kan wà tó jẹ́ ti ìdílé tí àìsí ilé fẹ́ tú ká tàbí tí kò jẹ́ kí ọmọ lè padà sílé. Àjọ ilé àti àjọ ọmọdé gbọ́dọ̀ jọ buwọ́ lùwé àdéhùn kí wọ́n tó lè fún ẹnikẹ́ni. Ètò míì, START, bẹ̀rẹ̀ ní Cleveland lọ́dún 1997, Kentucky sì mú un lò lẹ́yìn náà. Òṣìṣẹ́ àjọ ọmọdé kò dá lọ sílé ẹni. Ẹni tóun fúnra rẹ̀ ti jáwọ́ nínú oògùn olóró, tí ọ̀rọ̀ àjọ ọmọdé sì ti kàn rí, ló máa ń bá a rìn. Ìyá tó ń purọ́ fún òṣìṣẹ́ kì í sábà lè purọ́ fún ẹni yẹn.

Ewu tó wà nínú ojú púpọ̀

Ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 2017 ṣírò rẹ̀ pé kí ọmọ Amẹ́ríkà tó pé ọdún 18, nǹkan bí 37 nínú 100 ni àjọ máa ti wá ṣèwádìí nílé wọn. Láàárín àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú, ó jẹ́ 53. Ẹ tún un kà. Ju ìdajì lọ.

Nítorí náà, tẹ́nì kan bá sọ fún ìyá tó ń gbé ládùúgbò bẹ́ẹ̀ pé inú òun dùn, iléèwé, ilé ìwòsàn, àjọ ilé àti ọlọ́pàá ti ń fún ara wọn ní ìsọfúnni báyìí, kí lẹ rò pé yóò gbọ́? Àwọ̀n ló máa rí. Á bẹ̀rẹ̀ sí í ro ohun tó máa sọ fún nọ́ọ̀sì lẹ́ẹ̀mejì. Ìgbà tọ́rọ̀ bá ti dé ibẹ̀, àwọn tó yẹ kó ràn án lọ́wọ́ ti di àwọn tó ń sá fún.

Ohun kan tó ti dín ẹ̀rù yẹn kù ni kí òbí ní ẹni tirẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ náà. Ní New York City, àwọn ọ́fíìsì kan ń fún òbí ní lọ́yà, òṣìṣẹ́ afẹ́nifẹ́re tirẹ̀, àti òbí míì tó ti kojú irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ rí. Ìwádìí tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2019 fi wọ́n wé lọ́yà tó ń dá ṣiṣẹ́. Àwọn ọmọ tí òbí wọn ní ikọ̀ yẹn lo nǹkan bí oṣù mẹ́rin dín sí tàwọn yòókù lọ́dọ̀ alágbàtọ́ láàárín ọdún mẹ́rin àkọ́kọ́, àwọn olùwádìí ò sì rí i pé ewu pọ̀ sí i fún wọn. Kò pẹ́ sí ìgbà yẹn ni ìjọba àpapọ̀ gbà kí àwọn ìpínlẹ̀ máa fi owó àpò ńlá tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan san apá kan owó lọ́yà òbí àti ti ọmọ.

Ẹni tí wọn ò fi bẹ́ẹ̀ rántí ni ìyá àgbà. Òun ni wọ́n ń pè lóru pé kó wá gbọmọ, aago méjì òru, kò sì ní sọ pé rárá. Ṣùgbọ́n kó tó lè gba owó tí wọ́n ń fún alágbàtọ́ tí kò mọ ọmọ rí, wọ́n máa wá wo ilé rẹ̀: yàrá mélòó ló ní, ta ló ń bá ta sùn, ìwé wo ló ní. Lóṣù Kẹsàn-án ọdún 2023, ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà gbà kí ìpínlẹ̀ tó bá fẹ́ ní òṣùwọ̀n míì fún ẹbí, tó rọrùn ju ti àlejò lọ, kí owó wọn sì dọ́gba. Ìpínlẹ̀ tó bá fẹ́ ni. Níbi tí wọn ò tíì yí òfin wọn padà, òṣìṣẹ́ ṣì ń gbé téèpù ìwọ̀n wá, ó ń wọn yàrá tí ìyá ọmọ náà fúnra rẹ̀ dàgbà sí.